Ojú Tí O Fi Ń Wa Ọkọ̀ Èrò

Paouignan, lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀

Túndé ọmọ mi, bàbá mi tó padà wá,

Bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ nídìí ọkọ̀, má ṣí i. Kì í ṣe ìwé tí a ń fi ọwọ́ kan kà. Dúró kí o dé yàrá rẹ ní Parakou, kí o wẹ̀, kí o jẹun, kí o jókòó. Mo mọ̀ pé ó gùn. Láti ìgbà tí mo ti fi kọ́léèjì sílẹ̀, mi ò tíì kọ ohun tó gùn tó báyìí rí. Mo lè bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n lórí fóònù, bí mo bá ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ìwọ a ní, "Màmá, rézò ò dáa, mi ò gbọ́ yín mọ́," ó parí nìyẹn. Ìwé kò ní rézò.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun rẹ. Jẹ́ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ṣáájú, kí o má baà ní ìyá rẹ kò mọ̀ ju ìbẹ̀rù lọ. Ọjọ́ tí o dá ọkọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ yẹn dúró níwájú àtíbàbà wa, tí fèrèsé rẹ̀ ń dán bí omi, gbogbo àwa tí a ń yan gàrí la dìde. Ìyá Àgàtà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ṣé Túndé tó gun kẹ̀kẹ́ bọ́ sínú kòtò ẹ̀gẹ́ wa náà nìyí? Ẹ̀yin èrò, ẹ di àga yín mú o!" Ìyá àgbà kan yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀, ó ní, "Ìyá awakọ̀, ẹ fi ọkọ wa sílẹ̀ o jàre, oòrùn ń pa wá!" Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ ohun tí mo bi ọ́ lẹ́yìn ọkọ̀.

Mo ní, "Túndé, ṣé o ti lọ wo ojú rẹ?"

O ní, "Háà, Màmá, èyí tún ti dé!"

"Ó dé. Ṣé o ti lọ?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe ojú mi. Ẹ wo alùpùpù tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún yẹn, mo lè ka nọ́ńbà rẹ̀ láti ibí yìí."

"Ti ẹ̀gbọ́n mi, Tọ́ntọ́n Léò, ńkọ́? Ti bàbá mi ńkọ́? Ti Rósà àbúrò rẹ ńkọ́?"

"Ó ti mú Rósà, Màmá. Ọmọ méjì péré la jẹ́, ó ti yan tirẹ̀. Ẹ wo imú mi, ẹ wo ẹsẹ̀ mi: ilé bàbá ni mo ti wá, kì í ṣe ilé tiyín. Àti pé bàbá àgbà tí ẹ ní èmi ni yẹn, ó ti jẹ ìyà ojú tirẹ̀ tán kó tó padà wá." O rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ wálẹ̀, o ò wò mí mọ́, o ní, "Bó bá tiẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, kí ni mo fẹ́ lọ wò? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ní oògùn ni?"

O gun ọkọ̀, o fun fèrè, o lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jẹ ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́nu bí ẹran tí kò jinná. Èsì márùn-ún lo fún mi kí àwọn èrò tó ra gàrí tán, márààrún ló dùn létí, kò sì sí èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú wọn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé mo mọ ibi tí o ti kọ́ irú ìrònú bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni. Nítorí náà ni màá ṣe kọ́kọ́ sọ àṣìṣe tèmi fún ọ, méjì, tí mi ò sọ fún yín rí.

Èkíní. Nígbà tí mo wà ní Lèma, abúlé wa, mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Fẹlisítà. Ó fẹ́ràn ọmọkùnrin kan, Jákọ́bù, ọmọ ilé tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù. Bàbá Jákọ́bù fọ́jú. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ náà fọ́jú, okùn ni wọ́n ta láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé kó lè máa dì í mú rìn. Àkọ́bí ni bàbá, àkọ́bí ni bàbá bàbá. Àwọn àbúrò wọn ríran títí wọ́n fi dàgbà. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo Lèma ni pé, "Ẹ̀jẹ̀ ilé wọn ni, àkọ́bí ló ń mú." Jákọ́bù sì ni àkọ́bí.

Fẹlisítà kò kàwé. Ó wá bá mi, ó ní, "Ìwọ tí o lọ sí kọ́léèjì, ṣé òótọ́ ni?" Ọmọ kíláàsì tòróòsíẹ̀mù, ọdún kẹrin ní kọ́léèjì, ni mí nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ wa ti ya ẹ̀wà pupa àti ẹ̀wà funfun sójú pátákó, tó fi hàn wá bí àwọ̀ ṣe ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Orí mi wú. Mo mú èédú, mo ya ìdílé Jákọ́bù sára ògiri ilé ìdáná àwọn Fẹlisítà: bàbá àgbà, mo kùn ún ní dúdú, bàbá, mo kùn ún ní dúdú, Jákọ́bù, mo kùn òun náà. Mo ní, "Ó hàn kedere, Fẹlisítà. Ẹ̀jẹ̀ ni. Bí o bá fẹ́ ẹ, àkọ́bí rẹ á fọ́jú." Ó sunkún títí. Ó kọ ọmọkùnrin náà. Jákọ́bù ré kọjá sí Nàìjíríà, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn tó ń pín oògùn dé abúlé wa, àwọn tó ń fi ọ̀pá wọn gíga ènìyàn kí wọ́n tó mọ iye hóró tí wọ́n máa fún un. Obìnrin olùtọ́jú aláìsàn kan wà pẹ̀lú wọn. Ó ṣàlàyé pé eṣinṣin kékeré kan wà létí odò, níbi tí omi ti ń sáré lórí òkúta, òun ló ń bu àwọn àgbẹ̀ jẹ títí àrùn fi ń wọ ojú wọn. Bàbá arúgbó kan dìde, ó ní, "Ọmọ mi, bó bá jẹ́ eṣinṣin ni, kí ló dé tó jẹ́ àkọ́bí nìkan ló ń mú nílé àwọn wọ̀nyí? Ṣé eṣinṣin mọ àkọ́bí ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn náà rẹ́rìn-ín. Ó wá bèèrè pé, "Bàbá, ta ló ń jogún oko etí odò níbí?"

Túndé, ìwọ náà mọ àṣà wa. Ilẹ̀ dúdú etí odò, níbi tí iṣu ti ń tóbi bí ẹsẹ̀ ènìyàn, àkọ́bí ni wọ́n ń fún. Àwọn àbúrò a lọ wá ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́sẹ̀ òkè. Àkọ́bí gba oko lọ́wọ́ bàbá, ó sì gba eṣinṣin pẹ̀lú rẹ̀. A rí bàbá, a rí ọmọ, a ní ẹ̀jẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó wo ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Èmi tí mo kàwé ni mi ò tiẹ̀ wò ó rárá.

Jákọ́bù padà wá nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ojú rẹ̀ mọ́ gaara. Òun ló dúró níwájú pẹpẹ tó ka Ìwé Mímọ́ níbi ìsìnkú náà, kò lo gíláàsì. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Fẹlisítà jókòó sí. Ó sún díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àga.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ nìyí. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ ló gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ ń kọjá, omi tí à ń mu ń kọjá, èéfín ilé ìdáná ń kọjá, iṣẹ́ ọwọ́ ń kọjá. Kí o sì tún mọ èyí: àwọn ilé mìíràn wà ní Lèma tó ní oko létí odò, àwọn àkọ́bí tiwọn náà fọ́jú. A ò kà wọ́n mọ́ ọn. Ọ̀kan, a ní èpè ni. Èkejì, a ní orí rẹ̀ ni kò dáa. Bí a bá ti fi orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pe ohun kan náà, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ohun kan náà ni?

Ìbá dáa bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìwà òmùgọ̀ mi parí sí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ojú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní "ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn," màá dá a lẹ́kun, màá sọ ìtàn oko etí odò fún un. Mo di ọ̀jọ̀gbọ́n odò.

Bàbá mi, ẹni tí o jẹ́ orúkọ rẹ̀, fọ́jú kó tó kú. Ó ti ro oko létí odò fún ọdún mẹ́ta nígbà èwe rẹ̀. Ó tó mi. Mo ní odò ni, mo pa ìwé rẹ̀ dé.

Ẹ̀gbọ́n mi, Tọ́ntọ́n Léò yín, kò gbé etí odò rí. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe ní Dassa. Ní àkókò kan ó bẹ̀rẹ̀ sí fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Ó ń fi ẹsẹ̀ da ife nù nílẹ̀. Ó wá kí mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Èmi àti ojú mi ò gbọ́ra wa yé mọ́ o." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn kò nira." Mo ní, "Ẹ wá lọ simi. Odò ló fọ́ bàbá lójú, ẹ̀yin ò sì débẹ̀. Kò sí ọ̀nà tó fẹ́ gbà mú yín." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò burú, Madamú Kọ́léèjì." Ó gbà mí gbọ́. Ọdún méjì ló fi gbà mí gbọ́.

Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn ojú, ó ń wo ayé bí ẹni tó ń yọjú láti inú ihò ọ̀parun. Dókítà bi wá léèrè nípa bàbá: ṣé ara a máa yún un? Ṣé awọ ojúgun rẹ̀ tó-tò-tó bí awọ ẹkùn? A ní rárá. Ṣé ojú rẹ̀ a máa pọ́n, a máa dùn ún? Rárá. Báwo ló ṣe lọ? A ní ó ti ẹ̀gbẹ́ pa dé díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ti ilẹ̀kùn méjì pọ̀. Dókítà ní, "Ìyẹn kì í ṣe ti odò. Gilokómù ni." Ó ní omi inú ẹyinjú ló máa ń ti ojú láti inú, tó ń pa okùn tó so ojú mọ́ ọpọlọ. Ó ní a máa ti ara òbí dé ara ọmọ, kì í ṣe gbogbo ọmọ, ṣùgbọ́n kí gbogbo ọmọ wá kí wọ́n wò wọ́n. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà, àmọ́ ká ní ó tètè wá ni, oògùn tí wọ́n ń kán sójú ìbá ti di èyí tó kù mú. Ó wá bèèrè pé, "Ta ló ní kí ẹ dúró títí di ìsinsìnyí?"

Mo la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ibi tó ti gbọ́ ohùn mi kẹ́yìn, ó yára dáhùn ṣáájú mi, ó ní, "Kò sẹ́ni, dókítà. Iṣẹ́ ló pọ̀."

Títí di òní, èmi àti òun ò sọ ọ́ rí. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Èyí ni èkejì: afọ́jú méjì kì í ṣe àrùn kan. Ohun tó fọ́ bàbá Jákọ́bù lójú kọ́ ló fọ́ bàbá mi. Mo ti fi òtítọ́ ilé ẹlòmíràn dáhùn ìbéèrè ilé tèmi. Nígbà tí mo ní ẹ̀jẹ̀ ni, odò ni. Nígbà tí mo ní odò ni, ẹ̀jẹ̀ ni. Ìgbà méjèèjì ni ó dá mi lójú bákan náà, ọmọ mi. Ìdánilójú yẹn ló ń bà mí lẹ́rù nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Ó yá, jẹ́ ká wo èsì rẹ wọ̀nyẹn.

O ní ojú rẹ ń ka nọ́ńbà alùpùpù lókèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ títí di oṣù tó kẹ́yìn. Àrùn yìí kì í kọ́kọ́ mú àárín ojú, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ẹ́ wọlé, bí èkúté ṣe ń jẹ ẹní, kì í sì í ro ènìyàn lára. Bí o bá tún fẹ́ ní wọ́n wo ojú rẹ kí wọ́n tó fún ọ ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, mo mọ̀. Lẹ́tà ara ògiri ni wọ́n ní kí o kà. Àárín ojú nìyẹn náà.

O ní ó ti mú Rósà, nítorí náà o bọ́. Túndé, ìwọ náà mọ Ìyá Àgàtà. Obìnrin mẹ́fà ló bí léraléra. Láti orí ẹ̀kẹta ló ti ń sọ pé, "Èyí tó kàn á jẹ́ ọkùnrin, obìnrin ti tó." Ṣé oyún gbọ́ ohun tó sọ? Oyún kì í bèèrè ohun tí oyún tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ ojú yìí náà kì í ṣe oúnjẹ tí wọ́n gbé sí àwo kan, tí Rósà ti jẹ tán kí o tó dé. Olúkúlùkù yín ni ó dá dúró níwájú rẹ̀.

O ní bàbá rẹ lo jọ. Òótọ́ ni, imú rẹ kò nílò ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n Rósà ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun ni gbogbo àdúgbò ń pè ní ẹ̀dà bàbá rẹ̀, títí dórí bó ṣe ń fi ọwọ́ gbá itan bó bá ń rẹ́rìn-ín? Òun ni wọ́n sì rí i lójú rẹ̀. Imú ni ènìyàn ń rí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, kò sí ẹni tó lè fi imú mọ̀ ọ́n.

Ti pé bàbá àgbà ti jẹ ìyà tirẹ̀ tán, mo mọ ẹni tó sọ ọ́ fún ọ, ìyá bàbá rẹ ni, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ ló ti sọ ọ́: "Ẹni tó fọ́jú lẹ́ẹ̀kan kò ní fọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Ìwọ kò mọ̀ pé lọ́jọ́ yẹn kan náà, àbúrò bàbá mi gbé ọ sókè, ó wo ojú rẹ, ó ní, "Ó mà ti gbé ojú rẹ̀ padà wá o." Orúkọ kan, ọ̀rọ̀ méjì. Bí o bá fọ́jú, èyí á ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀." Bí o kò bá fọ́, èyí á ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó bá ti lè bá ohun gbogbo mu, Túndé, kò tíì sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ràn láti máa pè ọ́ ní bàbá mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi orúkọ tó dùn mí lẹ́nu wo ojú ọmọ mi.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣòro fún mi. O ní bó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, kò ní oògùn.

Ọdún kan gbáko lẹ́yìn tí dókítà ní kí gbogbo wa wá, èmi kò lọ. Mo rán Rósà lọ, èmi jókòó. Mo ní ẹ̀gẹ́ pọ̀, mo ní òjò dé, mo ní mo ti dàgbà. Irọ́ ni. Ohun tí ìwọ sọ lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn gan-an ni mò ń sọ nínú ara mi: kí ni mo fẹ́ lọ wò? Rósà ló wọ́ mi lọ nígbẹ̀yìn, ó ní òun kò ní bá mi jẹun mọ́ bí mi ò bá dìde. Wọ́n rí i. Ojú òsì mi ti pàdánù díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò sọ fún ọ, má bínú. Alaalẹ́ ni mo ń kán oògùn sí i, bàbá rẹ ló ń di agbárí mi mú, ó máa ń ní, "La ojú, àbí mo fi epo kán an?" Wọ́n tún wò mí ní oṣù tó kọjá, kò kúrò níbi tó wà. Kò padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò lọ síwájú. Rósà ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní kíláàsì lọ ní Glazoué, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ń kán nǹkan sójú.

Nítorí náà, pé nǹkan wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò ní kí ó di dandan, kò sì ní kó máà ní ìtọ́jú. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ ni pé kí o tètè wá. Bí ara òkúta òkè wa bá ti sán, ṣé a ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ pé Ọlọ́run ló dá òkúta?

Mo tún rí ohun kan, mi ò mọ̀ bóyá ìwọ gbọ́ ara rẹ. Èsì mẹ́rin àkọ́kọ́ ń sọ pé kò sí lára rẹ. Èsì karùn-ún ń sọ pé bó bá wà, kò sí ohun tí a lè ṣe. Ẹni tó ń búra pé olè kò sí nínú ilé, tó tún ń sọ pé bó bá wà, òun ò lè lé e: ẹni yẹn kò wo inú ilé. Ẹ̀rù ń bà á láti wọlé ni. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí ẹnu ọ̀nà yẹn ni èmi náà dúró sí fún ọdún kan. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tuntun yìí lo ń bẹ̀rù pé wọ́n á gbà lọ́wọ́ rẹ, wí i bẹ́ẹ̀ fún mi. Ìyẹn kì í ṣe ìtìjú. Èmi kò lè ṣèlérí fún ọ pé wọn ò ní gbà á. Dókítà nìkan ló lè sọ bóyá o lè máa wakọ̀.

Ṣé o rí i, mi ò sọ pé ó wà lára rẹ. Mi ò mọ̀. O lè lọ kí wọ́n ní ojú rẹ mọ́ bí omi ìṣàn, kí o wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí màá fi kú. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn nínú orí mi. Ṣùgbọ́n ìwọ náà kò mọ̀, àìmọ̀ yìí lo sì ń kó èrò sí.

Ojú ọ̀nà ni mo ń jókòó sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, Túndé. Mo ń wo àwọn ọkọ̀ ńlá yín bí wọ́n ṣe ń kọjá. Àwọn ọmọdé tó ń ta ọsàn àti ẹ̀pà kì í ti iwájú wá. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń já bọ́ sójú ọ̀nà, láti àárín àwọn àtíbàbà, pẹ̀lú igbá lórí. Ẹ̀gbẹ́. Láti ọjọ́ tí o ti gba ọkọ̀ yẹn, bí fèrè bá ti dún ni mo ń ka àwọn ọmọ Ìyá Àgàtà. Àkókò ìrìn àjò mímọ́ sí ihò Màríà ní Dassa sì ti kù díẹ̀. Wọ́n á kún inú ọkọ̀ rẹ dé ẹnu, wọ́n á máa kọrin, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa bèèrè pé báwo ni ojú awakọ̀ ti rí.

Mo ti bá Rósà sọ ọ́. O ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ rẹ máa ń simi ní Parakou. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, òun á dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ojú ibẹ̀ láti aago méje àárọ̀. Sọ fún wọn pé ẹ̀gbẹ́ ojú ni kí wọ́n wò, kí wọ́n sì wọn bí omi inú rẹ̀ ṣe ń tì í. Kì í dunni. Wọ́n á kán nǹkan sí i, wọ́n á ní kí o tẹ nǹkan kan nígbàkigbà tí o bá rí iná kékeré. Má dọ́gbọ́n, má tẹ̀ ẹ́ nígbà tí o kò rí iná. Mo mọ̀ ọ́.

Wàyí o, gbọ́ èyí láti ẹnu mi, kí o má baà gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn. Mo ti kọ ìwé kejì. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀, ní Cotonou, ni mo kọ ọ́ sí. Mo kọ ohun tó ṣe bàbá mi, ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó ń ṣe èmi àti àbúrò rẹ, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kí o gun ọkọ̀ títí wọn ó fi wo ojú rẹ. Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Bàbá rẹ rí i lábẹ́ ẹní, ó kà á. Ó ní, "Bí o bá fún ọkùnrin yẹn ní ìwé yìí, Túndé kò ní wọ ilé yìí mọ́." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Ṣé wàá lè gbà á mọ́ra?" Ó gbé ìwé náà padà sábẹ́ ẹní.

Mi ò mọ̀ bóyá màá lè gbà á mọ́ra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti fi ẹnu mi mú kí ẹnìkan dúró sílé rí, títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ ọn lójú, ó sì bò mí láṣìírí. Ọmọ ọlọ́sàn tí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ já bọ́ níwájú ọkọ̀ rẹ, ìyá rẹ̀ kò ní bò mí láṣìírí, kò sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá tiẹ̀ ń sunkún, à máa ríran. Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, bínú. Bí o bá fẹ́ pariwo, wá síbí kí o pariwo. Àmọ́ lọ ná.

Bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá dé, tí Rósà kò bá rí ọ títí di ọ̀sán, á pè mí. Lọ́jọ́ kejì, èmi á wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ń lọ sí Cotonou, kì í ṣe tìrẹ, pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́. Mo ti fọ aṣọ tí màá wọ̀ lọ, mo ti lọ̀ ọ́, mo sì ti fi í kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí n wọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ